Olè tó ń jẹ iyùn ní Newquay: Inú ilé ló ń gbé, ẹnikẹ́ni ò mọ̀

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà. Àṣé òwe yìí mọ ọ̀nà ìlú òyìnbó, àṣé ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọnú omi. Nítorí ohun tójú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòran ẹja tí wọ́n ń pè ní Blue Reef Aquarium, nílùú Newquay, lágbègbè Cornwall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí lọ́dún 2009, bí wọ́n bá ń ròyìn ẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, onítọ̀hún yóò ní àlọ́ ni wọ́n ń pa fóun.

Nínú ilé ìwòran yìí, táńkì onídígí kan wà tí wọ́n kó òkúta sí, tí iyùn wà lórí òkúta, tí ẹja aláràbarà sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láàárín ẹ̀. Iyùn tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ o, àmọ́ mọ̀lẹ́bí ìlẹ̀kẹ̀ ni. Iyùn tí àwọn ọba ń so mọ́rùn, egungun ẹ̀dá inú òkun ni, ẹ̀dá tó ń jẹun, tó sì ń bímọ, kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ di ìlẹ̀kẹ̀. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ló wà láàyè nínú táńkì Newquay. Ọ̀pọ̀ wọn kì í yára dàgbà, owó tí wọ́n sì fi ń rà wọ́n kì í ṣe owó kékeré.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé nǹkan kan ń jẹ iyùn wọn. Wọ́n á rí iyùn tó ti run, wọ́n á tún rí òmíràn tó já sí méjì gbọn-ín, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé e. Kò tán síbẹ̀ o. Wọ́n tún rí ẹja kan tí nǹkan ti ṣe léṣe. Ta ló ṣe é? Wọ́n wo ẹja, ẹja ò sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣọ́ táńkì náà, wọn ò rí ọ̀daràn kankan. Nígbà tó sú wọn, wọ́n dẹ pańpẹ́ sínú omi, wọ́n sì fi ìwọ̀ há inú oúnjẹ tí wọ́n fi dẹ ẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá rí i pé pańpẹ́ ti fà ya, oúnjẹ ò sí níbẹ̀ mọ́, ìwọ̀ gan-an ò sì sí níbẹ̀. Tìwọ̀ tìwọ̀ ni olè náà gbé e mì!

Ọ̀rọ̀ wá di ká tú ilé palẹ̀ ká lè rí eku. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta inú táńkì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí dé ìdajì ni àṣírí tú. Aràn òkun kan ló sá pamọ́ síbẹ̀, gígùn rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Bí wọ́n bá nà án dúró, yóò ga tó ọmọ ọdún méje. Ẹnu rẹ̀ dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, irun ṣóńṣóńṣó sì kún ara rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, irun tó jẹ́ pé bó bá gún èèyàn, ojú ibẹ̀ lè kú tipiri. Ẹran ẹja ni wọ́n fi tàn án jáde, síbẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, ó ti gé okùn ìwọ̀ tó lè gbé ẹrù pọ́n-ùn 20 jẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ò pa á. Wọ́n sọ ọ́ ní Barry, wọ́n sì wá táńkì tirẹ̀ fún un, kó máa dá gbé.

Ibo ni Barry gbà wọlé? Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi ara wọn nìyẹn. Wọn ò rà á lọ́jà, kò sì sẹ́ni tó gbé e wá lẹ́bùn. Ohun tí wọ́n gbà pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìgbà tó ṣì kéré ló ti bá iyùn wọlé, tó fara pamọ́, tó ń jẹ, tó ń dàgbà, títí tó fi di baálé ilé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òkúta inú òkun, gbogbo ara rẹ̀ ni ẹnu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Newquay nìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà ní Amẹ́ríkà, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì tí wọ́n ní táńkì iyùn nínú pálọ̀ wọn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ to tirẹ̀ kì í kó ẹja síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìdọ̀tí ẹja àti oúnjẹ tó bá jẹrà máa ń di májèlé nínú omi, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló sì máa ń sọ májèlé náà di ohun tí kò le mọ́. Àwọn kòkòrò yìí ní láti kọ́kọ́ gba orí òkúta, èyí sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ra òkúta tó wá látinú òkun, tí ẹ̀dá abẹ̀mí ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n rò pé òkúta làwọn rà. Àwọn ò mọ̀ pé odidi àdúgbò làwọn gbé wọlé, tonílé tàlejò.

Lálẹ́ ọjọ́ tí onítáńkì bá pa iná pálọ̀, tó yọ tọ́ọ̀ṣì sí dígí, ìgbà yẹn lojú ẹ̀ á tó là. Nǹkan funfun tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ń tọ kiri lára dígí. Nǹkan tó tẹ̀ kọrọdọ bí ọmọ edé ń sáré wọ abẹ́ òkúta. Aràn tín-ín-rín kan yọ orí nínú ihò, ó tún fà á padà. Àyà onítọ̀hún á já. Ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ níbí yìí, ọ̀kan nínú méjì ni. Ẹlòmíì á ní òun ò fẹ́ rí nǹkan kan láàyè nínú ilé òun àfi ẹja, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun gbogbo. Ẹlòmíì á ní kí ni nǹkan kékeré báyìí fẹ́ ṣe, á lọ sùn. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Kò sí èyí tó béèrè orúkọ àlejò nínú wọn.

Àwọn funfun tíntìntín tó ń tọ yẹn, copepod ni wọ́n ń pè wọ́n. Oúnjẹ ẹja ni wọ́n. Àwọn ẹja kan wà tó jẹ́ pé bí irú kòkòrò yìí bá tán nínú táńkì, ebi ni yóò pa wọ́n kú, kódà bí wọ́n bá da oúnjẹ inú ike lé wọn lórí. Àwọn tó tẹ̀ kọrọdọ, amphipod ni wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń jẹ pàǹtírí ni. Ẹni tó bá pa gbogbo wọn, agbálẹ̀ ilé ara ẹ̀ ló pa yẹn.

Èyí tí wọ́n máa ń fẹ̀sùn èké kàn jù ni aràn onírun kékeré. Ilẹ̀ á mọ́, wọn á bá òkú ẹja nílẹ̀, wọn á bá aràn lórí òkú náà, ni wọ́n á bá ní òun ló pa á. Ẹni tí wọ́n bá nídìí òkú kọ́ ló pa òkú o! Iṣẹ́ aràn yìí ni kó jẹ ohun tó ti kú, kó jẹ oúnjẹ tó bọ́ sílẹ̀, kí omi má baà bàjẹ́. Irun ara rẹ̀ lè gún èèyàn lọ́wọ́, òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe apànìyàn ẹja. Ìbátan Barry náà ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà: ìbátan ni wọ́n, ìwà wọn ò dọ́gba. Àwọn aràn ìdílé Eunice, tí wọ́n mọ̀ fún irú ìwà tí Barry hù, ìwo rírọ̀ márùn-ún ni wọ́n ní lórí, wọ́n sì ní ẹnu tó lè gé nǹkan. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo orí kò ní í pa agbálẹ̀ nítorí adigunjalè.

Bí ọ̀rẹ́ ṣe ń jọ ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀tá ń jọ ọ̀rẹ́. Ẹ̀dá kan wà tí wọ́n ń pè ní Aiptasia. Bó bá kọ́kọ́ yọ lórí òkúta, bí òdòdó kékeré ló rí, ó mọ́ gaara bíi dígí, ó ń fi ọwọ́ ẹ̀ juwọ́ sí èèyàn. Inú onítáńkì á dùn pé òun rí ẹ̀bùn ọ̀fẹ́. Kò ní í pẹ́ kó tó di mẹ́wàá, kó tó di ogún, tí wọ́n á sì máa ta iyùn tó wà nítòsí wọn. Nígbà tí onítọ̀hún bá bínú, tó fi ọ̀bẹ ha á, aburú ló tún dá sílẹ̀, nítorí pé èérún tó bá kù nínú ẹsẹ̀ ẹ̀dá yìí lè hù di odidi. Ọ̀kan tó gé lánàá lè di márùn-ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ orúkọ ẹ̀ kò ní í mú ọ̀bẹ. Yóò wá ìgbín òkun kékeré kan tí kò ní ìkarahun, Berghia lorúkọ tiẹ̀, tó jẹ́ pé Aiptasia loúnjẹ ẹ̀. Bí Aiptasia bá sì tán, Berghia náà á kú fún ebi.

Ti ariwo òru ńkọ́? Ẹlòmíì á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa gbọ́ tá! tá! látinú táńkì, bí ẹni ń fi èékánná ta dígí. Edé méjì ni wọ́n máa ń fura sí. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní mantis shrimp, ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ lágbára débi pé ó ń fọ́ ìkarahun ìgbín àti ti akàn, ẹja kékeré ò sì lè bá a gbé. Èkejì ni pistol shrimp. Òun máa ń pa ẹnu èékánná ńlá rẹ̀ dé lójijì, omi á bú bí ìbọn kékeré, ohun tó fẹ́ jẹ á sì dákú. Àmọ́ nínú àwọn oníbọn yìí, àwọn kan wà tó ń bá ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní goby gbé inú ihò kan náà. Edé ń gbẹ́ ihò, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa. Ẹja ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún un. Ariwo wọn fẹ́ jọra, ọ̀kan jẹ́ alájàgbilà, èkejì jẹ́ aládùúgbò. Ẹni tó bá fi ariwo nìkan dájọ́, ó lè lé aládùúgbò rere lọ.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Kò ní oògùn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń lo tọ́ọ̀ṣì oníná pupa lóru, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá òru kì í fura sí iná pupa. Wọ́n máa ń fi dígí tó ń sọ kékeré di ńlá wo nǹkan náà, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n á ka ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó ní ìkarahun, bóyá ara ẹ̀ pín sí oríkèé-oríkèé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n á wo ohun tó ń jẹ. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n síbẹ̀, wọ́n á gbé òkúta ẹ̀ sínú ike omi òkun lọ́tọ̀, kó máa gbé níbẹ̀ títí ìwà ẹ̀ á fi hàn. Ìdájọ́ tí wọ́n ṣe fún Barry náà nìyẹn.

Bí kò bá jẹ́ pé ẹ̀mí èèyàn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni, wọn ì bá ní eré àwọn olówó lásán ni. Lọ́dún 2018, nínú ilé kan lágbègbè Oxfordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ń fọ táńkì ẹja ẹ̀. Kò mọ̀ pé iyùn tí òun fọwọ́ kàn ní májèlé lára. Májèlé náà fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ ilé, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, wọn ò lè mí dáadáa. Èèyàn mẹ́wàá ló dé ọsibítù lọ́jọ́ náà: mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ará ilé, mẹ́rin jẹ́ panápaná tó wá gbà wọ́n là. Orí ló kó wọn yọ.

Palytoxin lorúkọ májèlé yẹn. Ó máa ń wà lára àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí iyùn tí wọ́n ń pè ní zoanthid, tí wọ́n rí rogodo bíi bọ́tìnì, tí àwọ̀ wọn sì dùn ún wò. Ní erékùṣù Hawaii, àwọn ará ibẹ̀ ti mọ nǹkan kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ewéko apànìyàn ti Hana, wọ́n ní àwọn jagunjagun ń fi ra ẹnu ọ̀kọ̀. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Yunifásítì Hawaii yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì gbé ìròyìn májèlé náà jáde lọ́dún 1971, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe ewéko rárá. Ẹ̀dá abẹ̀mí ni, zoanthid ni. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà lára òkúta ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kò gbọ́dọ̀ da omi gbígbóná sí i, kò sì gbọ́dọ̀ sè é. Ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú ni kó kọ́kọ́ wá.

Àmọ́ o, kì í ṣe ibi nìkan ni àlejò tí wọn ò mọ̀ ń gbé wá. Ìtàn kan wà tó dàgbà ju ti Barry lọ, táńkì omi òkun náà ló ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1883, Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ọmọ Jámánì, tó ń jẹ́ Franz Eilhard Schulze, wà nílùú Graz, lórílẹ̀-èdè Austria. Graz jìnnà sí òkun, àmọ́ wọ́n ní táńkì omi òkun níbẹ̀. Schulze rí nǹkan kan lára dígí táńkì náà, pẹlẹbẹ báyìí, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi mìlímítà mélòó kan péré. Ẹlòmíì ì bá fi àkísà nù ún kúrò. Schulze ò nù ún. Ó fara balẹ̀ wò ó, ó rí i pé kò lẹ́nu, kò ní ìfun, kò ní iṣan, kò sì ní orí tàbí ìdí, síbẹ̀ ó ń rìn, ó ń pa ìrísí ara ẹ̀ dà bó ṣe wù ú, ó sì ń pín ara ẹ̀ sí méjì láti bímọ. Ó sọ ọ́ ní Trichoplax adhaerens, ìtumọ̀ ẹ̀ ni àwo onírun tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ó ní ẹranko tuntun ni.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn ẹlẹ́jọ́ dé. Lọ́dún 1907, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Thilo Krumbach kéde pé irọ́ ni, pé ohun tí Schulze rí kì í ṣe ẹranko tuntun, ọmọ ìkókó ẹ̀dá òkun mìíràn tó rọ̀ bí ẹ̀kọ ni. Schulze jiyàn, ó tún kọ̀wé lórí ẹ̀ lọ́dún 1914, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ò dá a lóhùn. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ Krumbach gbọ́, wọ́n sì gbàgbé ẹ̀dá náà. Ọdún 1921 ni Schulze kú.

Ó di ọdún 1969 kí ọmọ Jámánì mìíràn, Karl Grell, tó tún rí nǹkan pẹlẹbẹ yìí nínú ohun tí wọ́n kó wá láti Òkun Pupa. Grell sìn ín, ó sì ṣọ́ ọ. Kò pẹ́ tó fi rí ẹyin nínú ara ẹ̀. Ha! Ọmọ ìkókó wo ló ń lóyún? Lọ́dún 1971, Grell dá odidi ẹ̀yà kan sílẹ̀ fún un nínú ìwé ẹranko, ó pè é ní Placozoa, ìyẹn àwọn ẹranko pẹlẹbẹ. Ọdún àádọ́ta lẹ́yìn ikú Schulze ni ìdáláre ẹ̀ dé.

Láti ìgbà náà ni ayé ti ń ka ẹ̀dá yìí sí. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ gbé gbogbo jíìnì rẹ̀ jáde, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀dá fi ń jọ òbí rẹ̀, wọ́n sì kà á tó bíi 11,500. Ti ọmọ èèyàn jẹ́ bíi 20,000. Nǹkan tí kò lọ́pọlọ, tí kò níkùn, ohun tó ní ju ìdajì tiwa lọ! Nígbà tó di 2018, wọ́n sọ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan tí wọ́n rí ní Hong Kong lórúkọ, Hoilungia hongkongensis. Títí dòní, àwọn tó ní táńkì iyùn nílé ṣì máa ń rí irú nǹkan pẹlẹbẹ yìí lára dígí wọn. Ọ̀pọ̀ ń nù ún dànù.

Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí o. Ní Newquay, nǹkan kékeré tí wọn ò rí di olè ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ní Oxfordshire, ohun tó jọ ẹ̀ṣọ́ lásán gbé èèyàn mẹ́wàá dé ọsibítù. Ní Graz, ohun tó jọ ìdọ̀tí di orí kan lọ́tọ̀ nínú ìwé ẹranko. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó ṣáájú ọ̀bẹ, kó ṣáájú àkísà, kó sì ṣáájú oorun: ìwọ àlejò yìí, kí ni wọ́n ń pè ọ́? Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, tó sì dúró gbọ́ èsì, kò ní í ṣẹ alágbálẹ̀, kò ní í gbàlejò adigunjalè, bí orí bá sì bá a ṣe é, ó lè bá ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí pàdé lára dígí pálọ̀ ẹ̀.